Bàbá Gbénró, Kọ́nsọ́tántì Agége

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Bàbá Gbénró ní Agége, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò rò fún yín ni ti ọjọ́ tí mọ́tò ilé iṣẹ́ bísíkíìtì wá gbé e nílé, tí òyìnbó tí wọ́n rán mọ́tò náà sí gan-an wá dúró sínú oòrùn ní pápá bàlúù Ìkẹjà títí orí rẹ̀ fi pọ́n.

Ọdún 1958 ni, nígbà tí wọ́n ń gé igbó lulẹ̀ ní Ìkẹjà, tí ilé iṣẹ́ ń hù níbẹ̀ bí olú. Ọ̀kan wà lọ́nà Àgídìngbì tó ń ṣe bísíkíìtì. Àwọn obìnrin ló ń to bísíkíìtì náà sínú páálí, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan á dé, ìdajì wọn ò ní yọjú. Bó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á dé, wọ́n á kúnlẹ̀ kí máníjà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ Mọ́ńdè ni; bó bá di Fúráìdè, wọ́n á tún wábi gbà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ sí Túsìdeè.

Máníjà wo kàlẹ́ńdà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Òyìnbó tí kò kúkú burú ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ pe ògbóǹtarìgì kan ní London, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gba àwọn ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn. Bí ìyẹn bá lè fọwọ́ sí i, gbogbo àwọn obìnrin náà lòun yóò lé, òun yóò kó ọkùnrin síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, ó pe Síkírù, awakọ̀ rẹ̀, ọmọ Agége.

"Síkírù, lọ gbé consultant wá. Àgbàlagbà ni o. Tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Máníjà rò pé akọ̀wé ti sọ ọ̀rọ̀ bàlúù fún Síkírù. Akọ̀wé rò pé máníjà ti sọ ọ́. Síkírù ní tirẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé tó ń jẹ́ kọ́nsọ́tántì, àgbàlagbà sì ni, ilé rẹ̀ ò ju ẹ̀yìn rélùwéè Agége lọ. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Síkírù ò béèrè.

Ó bá Bàbá Gbénró lórí àga níwájú ilé, lábẹ́ pátákó kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ G. OJUOLAPE, CONSULTANT sí gàdàgbà gadagba.

"Bàbá, òyìnbó ní kí n wá gbé yín."

"Òyìnbó wo?"

"Ti bísíkíìtì."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ojú ẹ̀ pọ́n."

"Dúró kí n wọ agbádá."

Nígbà tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tòun ti agbòòrùn lápá, máníjà wo Síkírù, Síkírù wo ojú ọ̀run. Bàbá na ọwọ́ sí máníjà. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ló fi kí i: "Good morning, sir. I am the Consultant. Where e dey pain you?"

Láti ọjọ́ tí òyìnbó yìí ti dé Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni ò bi í rí pé ibo ló ń dùn ún. Ó jókòó, ó sì tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ láti orí dé ìdí. Bàbá ń mi orí. Nígbà tí ó parí, Bàbá ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin náà.

Wọ́n ní ó lò tó wákàtí kan lórí ohun tí kò kàn án. Ó bi eléyìí léèrè pé ọmọ ta ni. Ó bi ìyẹn pé ta ló ń bá a di ọmọ rẹ̀ mú. Ó bi ẹ̀kẹta pé ṣé ó ti jẹun. Máníjà ti ń wo aago. Nígbà náà ni Bàbá dé ọ̀dọ̀ Sùlíyá, tí í ṣe olórí wọn. Opó ni Sùlíyá, inú páálí bísíkíìtì yìí ló sì ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀.

"Sùlíyá, ibo lo wà ní Túsìdeè?"

"Ọjà ni, Bàbá."

"Fúráìdè tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọjà náà ni. Ọjà Abúlé Ẹ̀gbá. Ọrọọrún la ń ná an, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀."

Ọjà ọrọọrún ò bá kàlẹ́ńdà òyìnbó ṣọ̀rẹ́. Bí ó bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Fúráìdè ni yóò tún bọ́ sí, lẹ́yìn náà Túsìdeè, lẹ́yìn náà Sátidé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí kiri. Òyìnbó tó bá ń fi ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ṣọ́ ọ lè ya wèrè.

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún máníjà?"

"Kò bi wá."

"Kò bi yín? Ó ní gbogbo ìgbà lòun ń béèrè."

"Bàbá, ó ń pariwo ni. Ẹni tó ń pariwo ò béèrè nǹkan kan."

"Ẹ ò sì lè fi ọjà sílẹ̀?"

"Ìsọ̀ obì ìyá mi ni. Bí mi ò bá yọjú níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á fi fún ẹlòmíì. Iṣẹ́ òyìnbó ńkọ́? Òyìnbó lè jí lọ́la kó ní òun ń lọ sílé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé Bàbá mọ ohun tó kàn láti ṣe, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò mọ nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ họ imú, ó bi wọ́n pé: "Báwo wá ni ká ṣe é?"

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Wọ́n ní bí máníjà bá lè gbà, àwọn yóò pín ara wọn ní méjì méjì. Bí ẹnì kan bá lọ sọ́jà, á bá ẹnì kejì tajà, ẹnì kejì á bá a dúró ti páálí. Bó bá di ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n á pààrọ̀. Bàbá padà sọ́dọ̀ máníjà.

"Oga, who tell Sunday make e be Sunday?"

Máníjà ní kí ni ìyẹn, gbogbo ayé ló mọ Sunday.

"These women get their own Sunday too," ni Bàbá wí. "Only say their own dey waka."

Máníjà wo kàlẹ́ńdà rẹ̀. Ó fi ìka tẹ Mọ́ńdè, ó fi tẹ Fúráìdè, ó fi tẹ Túsìdeè. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sọ fún Sùlíyá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun gba ètò méjì méjì wọn, ẹnikẹ́ni ò sì ní lé wọn mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni òyìnbó London tó rí lọ́rì kan tó gbé e. Lórí ìyẹ̀pẹ̀ ló jókòó sí. Nígbà tó máa fi dé, iṣẹ́ tó wá ṣe ti parí, Bàbá Gbénró sì jókòó lórí àga tí wọ́n tọ́jú dè é, ó ń jẹ bísíkíìtì. Máníjà dìde, ó ní: "Consultant, ẹ bá mi kí consultant."

Inú àlejò yìí ò dùn, ta ni inú rẹ̀ yóò sì dùn? Ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ nídìí ṣòkòtò, ó ní ọ̀rọ̀ náà ní àwọn tó ni ín, kì í ṣe fìlà tí èèyàn ń rí he lọ́nà kó sì dé e. Síkírù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá kó páálí bísíkíìtì kan délé, ó sì ròyìn fún Tinúadé ìyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn ni Tinúadé ń tà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń jẹ bísíkíìtì lọ.

"Bàbá Yẹ́misí, ibo lẹ rò pé mò ń ru ọṣẹ lọ lọ́rọọrún láti gbogbo ọdún yìí wá?"

"Ọjà ni."

"Ọjà wo?"

Bàbá ki ọwọ́ bọ inú páálí bísíkíìtì.

"Ìsọ̀ Sùlíyá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ká ní ẹ bi mí láàárọ̀ ni, mọ́tò ò bá má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ẹ ti bi gbogbo Agége léèrè ọ̀rọ̀ tán, ẹ ò bi mí pé báwo ni ọjà rí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára ju ti òyìnbó London lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Tinúadé bá ti ń ti Abúlé Ẹ̀gbá bọ̀, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, yóò gbọ́ ohùn Bàbá lábẹ́ pátákó: "Tinúadé, báwo ni ọjà?" Bí obìnrin náà bá sì ní ọjà dáa, kò tán síbẹ̀ o. Ta ló kọ́kọ́ ra ọṣẹ? Ṣé ó ná an kí ó tó rà á? Ṣé òjò rọ̀ níbẹ̀? Tinúadé á ní kó jẹ́ kí òun mu omi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni yóò máa rín.

Ibo gan-an ni Bàbá ti rí orúkọ náà? Ilé ìwòsàn ni. Òun ló ń na àsíá sí rélùwéè ní Agége kí ẹsẹ̀ tó wú u, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó. Ibẹ̀ ló wà tí dókítà àgbà kan fi wọlé. Àwọn nọ́ọ̀sì nà ró, àwọn dókítà kékeré tò sẹ́yìn rẹ̀. Dókítà àgbà yìí ò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ó bi Bàbá pé ibo ló ń dùn ún, pé láti ìgbà wo, pé ṣé ó ń rí oorun sùn. Ó mi orí, ó kọjá lọ, gbogbo àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bàbá bi nọ́ọ̀sì pé ta nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní consultant àwọn ni. Bàbá wo òkè àjà, ó ní: "Iṣẹ́ tí mo ti ń wá láti kékeré rè é."

Kó tó pé oṣù tó délé, pátákó ti gòkè. Kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; obì ni wọ́n ń fún un, tàbí búrẹ́dì gbígbóná. Àwọn kan tilẹ̀ ń bínú, nítorí ẹni tó bá wá gba ìmọ̀ràn, ìbéèrè ló máa gbà lọ. Nùréènì télọ̀ fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, ó wá bi Bàbá bóyá kí òun lọ. Bàbá bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí inú fi bí i, ó wá bi í pé: "Níbẹ̀ yẹn, ta ni yóò máa bá ọ jẹun ọ̀sán?" Nùréènì dìde, kò dágbére, ó padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ l'Ágége. Ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ di òní.

Àìsàn ìbéèrè yìí ò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ọkùnrin kan ń fa ewúrẹ́ lọ síbi ìkómọ ọmọ rẹ̀, Bàbá dá a dúró, ó bi í ní iye ewúrẹ́. Ọkùnrin náà ní kì í ṣe títà. Bàbá ní òun mọ̀, òun ò fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ká ní ó jẹ́ títà ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni ewúrẹ́ ti já, gbogbo àdúgbò ló sì bá wọn lé e.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Bàbá fúnra rẹ̀ léèrè pé níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ẹ gbé àga. Ó sọ fún Sànní, oníṣòwò obì, pé láti Mẹ́kà ni ọ̀rọ̀ náà ti gun ràkúnmí wá. Ó sọ fún àwọn aláṣọ funfun tó wà ní ìkángun àdúgbò pé ààfin Sólómọ́nì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Ẹni tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú bí i tirẹ̀, ó ní ọmọ Ìjẹ̀bú kan ló bá Potogí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tó lọ fi kọ́ òyìnbó. Síkírù gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Bàbá, ẹ ní Mẹ́kà ni lọ́jọ́sí."

"Síkírù, ọ̀rọ̀ tó bá dáa, ìlú kan ṣoṣo kì í dá a bí."

Síkírù yìí náà ló lọ jókòó níwájú onígbàjámọ̀, tó ní òyìnbó London ní Bàbá Gbénró he orúkọ olórúkọ lọ́nà, ó sì gbé e wọ̀. Kí wọ́n tó fá orí Síkírù tán, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà, ó ti dé rélùwéè. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ilé, wọ́n á wo pátákó, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bàbá ò bá wọn rín. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò gbé e dáadáa mọ́, orúkọ tó wà lára igi yẹn ni ohun tó kù tó fi ń jí láàárọ̀. Ó dìde, ó búra lójú gbogbo èèyàn pé kí wọ́n lọ wá ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá jẹ́ tòun, òun fúnra òun yóò la pátákó náà, òun yóò fi sun àgbàdo.

Wọ́n lọ pe Tíṣà Olúṣínà, tó ń kọ́ wọn ní Látìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Ọ̀dọ́ ni, ó sì ní ojú àánú. Ó wo Bàbá, ó wo pátákó.

"Bàbá, mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ béèrè."

"Ìwọ náà!" ni Bàbá wí, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà yóò fi padà wá, iwájú ilé ti kún. Sùlíyá àti àwọn obìnrin bísíkíìtì wá láti ibi iṣẹ́ tààrà. Tinúadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera.

"Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀," ni Tíṣà wí. "Látìn ni wọ́n ti mú un, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ká jókòó gbìmọ̀, ká gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹlòmíì, ni ìdí rẹ̀."

"Ẹ ò gbọ́?" ni Bàbá wí.

"Ó kù, Bàbá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń pe èèyàn ní consultant, ẹni tó mọ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni. Ẹni tí nǹkan rú lójú, tó dìde, tó lọ béèrè níbi tí wọ́n ti lè là á yé e. Ó pẹ́ kí wọ́n tó yí i padà sí ẹni tí wọ́n ń lọ bá. Àwọn dókítà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Àwọn ará Agége yíjú sí pátákó. Bàbá Gbénró dìde, ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbé àáké jáde. Ojú Tíṣà pọ́n, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò sọ ọ́ láti fi í ṣẹ̀sín. Bàbá gbé àáké lé èjìká. Ó ń lọ sídìí pátákó.

"Bàbá Yẹ́misí, kí lẹ fẹ́ fi àáké ṣe?" Tinúadé ti bọ́ síwájú rẹ̀.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló ń jẹ́ ẹ."

"Mo gbọ́. Ta ni wọ́n wá ń bá wí?"

Àwọn kan ti ń dẹ́rìn-ín mọ́ra. Tinúadé ò rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lẹ mọ nǹkan kan rí tẹ́ ò béèrè? Nígbà tẹ́ ẹ wá fẹ́ mi, àwọn yòókù tó wá ń ka ilẹ̀ tí wọ́n ní fún bàbá mi. Ẹ̀yin jókòó, ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí látàárọ̀. Orúkọ yín nìyẹn. Ẹ gbé àáké yẹn fún mi."

Sùlíyá ní, "Bàbá, ká ní ẹni tó mọ̀ lẹ jẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ wa ni, wọn ì bá ti lé wa."

Bàbá dúró. Ó wo Sùlíyá, ó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́, ó wo pátákó. Kò gbé àáké fún Tinúadé. Ó yí i padà, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ìṣó pátákó náà wọlé sí i, gbá, gbá, gbá, nítorí ó ti fẹ́ máa mì. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Tíṣà.

"Àwọn ará Róòmù yẹn, ṣé Ìjẹ̀bú kankan ò sí láàárín wọn?"

Ẹ̀rín yẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé Onígbòǹgbò.

Ní ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹsẹ̀ náà tún wú, tí àìsàn sì wá dá Bàbá dúbúlẹ̀. Ní ọjọ́ tó lò kẹ́yìn, ó lajú, ó rí Tinúadé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

"Ṣé kì í ṣe ọjà Abúlé Ẹ̀gbá lónìí?"

"Òun ni."

"Kí ló dé tí o ò lọ?"

Tinúadé sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò pẹ́ sí i tí Bàbá fi sùn, kò sì jí mọ́.

Àwọn obìnrin bísíkíìtì wá sin ín. Ìdajì wọn kọ́, gbogbo wọn ni, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ ọjà. Máníjà rí i láàárọ̀ pé wọ́n ń tò lọ. Kò pariwo. Ó béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sọ fún un, ó sì wọ kóòtù rẹ̀, ó ní kí Síkírù lọ gbé mọ́tò wá. Síkírù bi í léèrè pé ibo làwọn ń lọ, kí ó tó tan iná sí mọ́tò.

Tinúadé ò jẹ́ kí wọ́n yọ pátákó náà. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó sì ń ná ọjà rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé nítòsí mọ ìgbà tó bá dé. Yóò sọ igbá ọṣẹ kalẹ̀ lábẹ́ pátákó, yóò jókòó lórí àga Bàbá bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Lẹ́yìn náà yóò dáhùn.

"Ọjà dáa, Bàbá Yẹ́misí. Òjò ò rọ̀. Obìnrin Ẹ̀gbá kan ló kọ́kọ́ rà. Ó ná an o, ó ná an dáadáa."